Sari Íńdíà: Aṣọ olówó ńlá tí kò sọ ẹni tó ń hun ún di olówó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé àdúgbò àwọn ahunṣọ ní ìlú Varanasi, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jókòó sídìí òfì, tí wọ́n ń hun sari tí àwọn ìyàwó tuntun ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Aṣọ náà lówó lórí, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn káàkiri ayé. Síbẹ̀, owó tó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń hun ún kò tó wọn gbọ́ bùkátà.

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Íńdíà rí ti rí sari, kódà bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Odindi aṣọ kan ṣoṣo ni, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń tó mítà 5 sí mítà 8. Obìnrin yóò ró o mọ́ ìdí lórí yèrì, yóò ṣẹ́ ẹ léraléra níwájú, yóò wá gbé èyí tó kù gba àyà kọjá sí èjìká. Apá tó máa ń wà lórí èjìká yìí ni wọ́n ń pè ní pallu, ibẹ̀ sì ni ahunṣọ máa ń kó ọnà tó dára jù sí. Bí wọ́n ṣe ń ró o yàtọ̀ láti agbègbè kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n ṣe ń hun ún.

Ní ìlú Kanchipuram, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu lápá gúúsù, sílíìkì ni wọ́n fi ń hun tiwọn, ìyẹn òwú tí wọ́n ń fà lára ilé tí kòkòrò kan ń hun yí ara rẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ṣe ń rí òwú sányán lára kòkòrò inú igbó. Ohun tí wọ́n fi ń dá aṣọ Kanchipuram mọ̀ ni etí rẹ̀ tó fẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí ti inú aṣọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò: ọ̀kan ń gbé òwú inú aṣọ, méjì tó kù ń gbé òwú etí ọ̀tún àti ti òsì. Níbi tí òwú wọ̀nyí bá ti pàdé, ahunṣọ yóò kọ́ wọn mọ́ra. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ pé inú aṣọ náà lè gbó kó ya, etí rẹ̀ kò ní í já kúrò.

Ti ìlú Patan, ní ìpínlẹ̀ Gujarat lápá ìwọ̀-oòrùn, tún gba sùúrù ju èyí lọ. Patola ni wọ́n ń pe aṣọ tiwọn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko yóò tètè lóye rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ti hun tán ni àwọn ará Patan ń dì, òwú ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún rárá, wọn yóò di òwú tó máa wà ní òòró, wọn yóò sì di èyí tó máa wà ní ìbú. Wọn yóò rẹ ẹ́, wọn yóò tú u, wọn yóò tún ibòmíràn dì, títí gbogbo àwọ̀ yóò fi pé. Nígbà tí wọ́n bá wá ń hun ún, àmì ara òwú òòró gbọ́dọ̀ bọ́ sórí àmì ara òwú ìbú gẹ́lẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ tún un tò kí ọnà náà má bàa bàjẹ́. Sari kan ṣoṣo lè gba oṣù 4 sí 6, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú méjèèjì aṣọ náà sì máa ń rí bákan náà. Ìdílé àwọn Salvi ni iṣẹ́ yìí ti wá, díẹ̀ péré ló sì kù tó ṣì ń ṣe é ní Patan.

Varanasi, tí wọ́n tún ń pè ní Banaras, ni ìṣòro àwọn ahunṣọ ti wá hàn kedere jù. Sílíìkì àti òwú zari ni wọ́n fi ń hun sari Banarasi. Zari àtijọ́ jẹ́ òwú tí wọ́n fi fàdákà tín-ín-rín wé, tí wọ́n sì fi wúrà bò. Lónìí, bàbà tàbí ike ló pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà. Nínú irú ọnà tí wọ́n ń pè ní kadhua, ahunṣọ yóò fi òwú tirẹ̀ hun òdòdó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí òwú kankan kò fi ní í fà kọjá lẹ́yìn aṣọ. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ahunṣọ náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù nínú àwọn ìyàwó tó ń wọ aṣọ wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni: bí bàbá ṣe ń hun, ìyá àti àwọn ọmọ ń ká òwú. Oníṣòwò ló sábà máa ń kó òwú fún wọn, tó sì ń san owó iye aṣọ tí wọ́n bá hun.

Ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná ló kó wàhálà bá wọn. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ lè ṣe irú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, pẹ̀lú òwú pọliẹ́sítà tí kò wọ́n. Láti ìlú Surat, tí ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ sí, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà náà ti ń wá, ẹ̀rọ sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé nínú Varanasi fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ burú. Ohun tó ń dun àwọn ahunṣọ ni pé wọ́n ń fi orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ta aṣọ ẹ̀rọ, tí owó iṣẹ́ tiwọn sì ń já wálẹ̀.

Ìjọba Íńdíà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1985, wọ́n ṣe òfin tó ya àwọn irú aṣọ kan sọ́tọ̀ fún òfì àfọwọ́hun, sari sì wà lára wọn. Àwọn ẹlẹ́rọ gbé òfin náà lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 1993. Lọ́dún 2006, wọ́n gbé àmì Handloom Mark jáde fún aṣọ àfọwọ́hun. Lọ́dún 2009, sari Banarasi gba àmì tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ agbègbè tí wọ́n ti ń hun ún. Láti ọdún 2015, wọ́n ti ya ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, sọ́tọ̀ fún àyẹ́sí àwọn ahunṣọ, ní ìrántí ọjọ́ tí ètò kíkọ ọjà òyìnbó sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Calcutta lọ́dún 1905.

Àmọ́ òfin wà nínú ìwé, ẹ̀dà wà lọ́jà. Ìkànìyàn tí ìjọba ṣe lọ́dún 2009 sí 2010 fi hàn pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òfì ju mílíọ̀nù 4.3 lọ. Nígbà tí wọ́n tún ka wọn lọ́dún 2019 sí 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 ló kù, obìnrin ló sì ju ìdá 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ó ju ìdajì àwọn ahunṣọ náà lọ tí owó tó ń wọlé fún ìdílé wọn lóṣù kò tó 5,000 rúpì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra sari àfọwọ́hun ní ohun tó lè fi dá a mọ̀. Kó yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò, nítorí ẹ̀yìn ni àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń tú. Kó wo etí rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ahunṣọ fi ń na aṣọ kó má bàa sún kì sábà máa ń fi ihò wínníwínní sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi iná jó fọ́nrán sílíìkì tòótọ́ kan, òórùn irun tó jóná ni yóò máa rùn, nígbà tí pọliẹ́sítà yóò yọ́ bí ike.

Àyẹ̀wò kékeré yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá san owó iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́, kí owó náà sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọ ahunṣọ ń wo ohun tí baba wọn ń rí nídìí iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Bí wọ́n bá dìde tán nídìí òfì, kò sí òfin tó lè hun sari kan ṣoṣo.