Táyà kẹ̀kẹ́ kì í dédé jò: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ lásìkò òjò

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Moshie Zongo, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ máa rí ohun tí omi gbé wá. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, páálí tó ti rẹ, pákó tí ìṣó wà lára rẹ̀, wáyà tó ti dípẹtà, àti àfọ́kù ìgò tó ń kọ mọ̀nà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Gọ́tà ti kún lóru, ó sì ti bi gbogbo rẹ̀ sójú títì. Nígbà tí oòrùn bá yọ, àárín ọ̀nà á gbẹ, ọkọ̀ á sì ti gbá a mọ́, àmọ́ pàǹtírí yẹn á ṣì wà létí títì níbi tí omi fi í sí. Etí títì yẹn náà sì ni ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́.

Ká ní ọmọkùnrin kan wà tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn tó ń ta tíì kó tó lọ sílé ìwé. Aago mẹ́fà ló gbéra. Kò tíì dé Buokrom tí kẹ̀kẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí ìdí rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Kó tó bọ́ sílẹ̀, rímù ti ń ha ọ̀dà. Á máa ti kẹ̀kẹ́ lọ pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. Búrẹ́dì á pẹ́, oníbàárà á ti rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, owó tó yẹ kí wọ́n fi ra nǹkan ọbẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ fọkanáísà, ilé ìwé á sì ti wọlé kó tó dé. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ní, "Màmá, táyà ló jò," bíi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá náà á mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Kò yẹ kó parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ táyà tó ń jò lásìkò òjò ló ti fún olówó rẹ̀ láǹfààní ọjọ́ méjì mẹ́ta láti gbà á là, tí olówó rẹ̀ kò sì mọ̀.

Àwọn tó ń gbé ládùúgbò yìí kì í ṣe àjèjì sí kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ Hausa ni zongo, ibi tí àwọn oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò ń sọ̀ sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Moshie tí wọ́n fi orúkọ wọn pe ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà Mossi láti orílẹ̀-èdè Burkina Faso, níbi tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ti kún ojú títì Ouagadougou bámúbámú, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tour du Faso láti ọdún 1987. Àwọn Yorùbá náà mọ zongo dáadáa. Kí ìjọba Gánà tó pàṣẹ ní November 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ, ìdílé Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi àti láwọn ìlú Gánà míì pọ̀ gan-an. Torí náà, ohun tí à ń sọ yìí kan ilé wọn tó ṣì wà lọ́hùn-ún, ó sì kan àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kútọnu, torí pé òjò kan náà ló ń rọ̀.

Kí ló dé tí òjò fi ń jo táyà ju ẹ̀ẹ̀rùn lọ? Àwọn kan rò pé kìkì torí pé pàǹtírí pọ̀ lójú ọ̀nà ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Omi máa ń mú kí rọ́bà rọrùn láti gé. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ gé rọ́bà rí mọ̀ pé bó bá gbẹ, ọ̀bẹ á máa há, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta omi sí i, ọ̀bẹ á yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tí àfọ́kù ìgò ń ṣe sí táyà tútù gan-an nìyẹn. Àfọ́kù tí ì bá ta dà nù lójú ọ̀nà gbígbẹ á wọlé ṣinṣin lójú ọ̀nà tútù. Omi tún máa ń jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ táyà. Bí ẹrẹ̀ bá ti gbé wáyà kékeré mọ́ ọn, gbogbo ìgbà tí táyà bá yí dé ilẹ̀ ni ìwúwo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á tún máa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Táyà kẹ̀kẹ́ ńlá sì máa ń yí tó ìgbà 450 kó tó rin kìlómítà kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá rin kìlómítà mẹ́ta péré ti fi gbogbo ara rẹ̀ lu wáyà yẹn nígbà tó lé ní 1,300.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìgò tó jo táyà lọ́jọ́bọ̀ lè jẹ́ ọjọ́ Ajé ló ti wọlé. Kì í fìgbà gbogbo dé tíúbù lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ jókòó sínú rọ́bà, á máa walẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa kan tíúbù lọ́jọ́ tí olówó rẹ̀ kò gun ibi burúkú kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń búra pé ojú ọ̀nà mọ́ níbi tí táyà ti jò. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó ń gba táyà là kò sí lójú ọ̀nà. Ilé ló wà, lálẹ́, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti dé. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kó dúró lórí ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bu omi sí táyà kí ẹrẹ̀ lọ, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wo àárín eyín táyà, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ń há sí. Ohun tó bá ń dán ìgò ni. Ohun tó dà bí irun dúdú tó le, wáyà ni, irú èyí tó máa ń jáde nínú táyà ọkọ̀ ńlá tó bá ti gbó tàbí tó fọ́ sọ́nà. Ní ìlú bíi Kumasi, tí Suame Magazine wà, níbi tí àìlóǹkà mẹkáníìkì ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀, kékeré kọ́ ni irin wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó tínrín hú u jáde. Ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé dá a ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní kọjá lórí táyà kan.

Àwọn kan máa ń fi epo kẹrosíìnì nu táyà kó lè máa dán. Dídán rẹ̀ wuni lóòótọ́, àmọ́ epo bẹ́ẹ̀ ń ba rọ́bà jẹ́ ni. Omi ti tó.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà, tá a sì ń sọ pé ó ti le. Àtàǹpàkò kì í ṣe gẹ́ẹ̀jì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, iye afẹ́fẹ́ tó fẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà. Ọ̀pọ̀ táyà fífẹ̀ tí wọ́n kọ 26 sí lára máa ń wà láàárín 40 sí 65 PSI, àmọ́ ohun tí tiyín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tíúbù máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí ihò kankan, torí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa fún un. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, bó bá já sí kòtò, rímù á tẹ tíúbù mọ́ ilẹ̀, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìgbà tí ejò bu èèyàn jẹ. Lásìkò òjò, omi ti bo kòtò, ojú kò rí i, ìdí nìyẹn tí irú èyí fi wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà lè di ilẹ̀ mú dáadáa nínú omi. Díẹ̀ kò burú, bí kò bá ti kéré sí iye tó kéré jù tí wọ́n kọ sára táyà. Kí wọ́n sì rántí pé búrẹ́dì tàbí àbúrò tí wọ́n gbé sẹ́yìn ń fi kún ìwúwo.

Ìṣòro yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1888 ni John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko kan tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà oníafẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń lẹ táyà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn mọ́ rímù ni, tó bá sì jò, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó tún un ṣe. Lọ́dún 1891, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Michelin lórílẹ̀-èdè Faransé mú táyà tó ṣeé yọ jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣètò ìdíje láti Paris lọ sí Clermont-Ferrand, wọ́n sì ní kí wọ́n fọ́n ìṣó sójú ọ̀nà, kí gbogbo èèyàn lè rí bó ṣe yá tó láti tún táyà wọn ṣe. Ní Moshie Zongo, òjò ń fọ́n tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí táyà bá wá jò náà ńkọ́? Ẹ má kàn gbé e fún fọkanáísà kí ẹ sì lọ jókòó. Ẹ dúró wò ó. Bó bá ti ki tíúbù bọ omi tó sì rí ibi tí omi ti ń hó, kó gbé tíúbù náà lé orí táyà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó fi ojú fáàfù dá a mọ̀, kó wá wá ibi tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò náà lára táyà. Ibẹ̀ ni ìgò wà. Àìmọye táyà ni wọ́n ti lẹ tí wọn kò yọ ohun tó lu ú, tó sì tún jò lójú kan náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, tí wọ́n á sì máa sọ pé súlúṣàn kò dára. Kí wọ́n fi àkísà gba inú táyà káàkiri, ibi tó bá ti fa àkísà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ihò bá wà nínú tíúbù lápá ọ̀dọ̀ rímù, kì í ṣe ọ̀nà ló ṣe é, orí sípóòkì ló yọ, rọ́bà tó bo rímù nínú ló ti gbó. Bó bá jẹ́ ihò méjì, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ihò máa ń sọ ẹjọ́ tirẹ̀.

Lásìkò òjò, àlẹ̀mọ́ kì í mú bí tíúbù kò bá gbẹ. Kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n ha á, kí wọ́n fi súlúṣàn sí i, kí wọ́n sì dúró kó dákẹ́ dídán kí wọ́n tó tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń kánjú ló máa padà wá.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà ní Kumasi ló jẹ́ àlòkù láti òkè òkun. Kẹ̀kẹ́ lè dára kí táyà rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá rí i tó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí òwú inú rẹ̀ ti ń yọjú, kò sí nínu tó lè gbà á là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló máa ń gbó kíákíá torí òun ló ń gbé ẹrù. Ẹni tí kò bá tíì lówó tuntun lè gé tíúbù àtijọ́ lóròóró, kó tẹ́ ẹ sáàárín táyà àti tíúbù tó ń lò. Á mú kí kẹ̀kẹ́ wúwo díẹ̀, àmọ́ ìgò á ní odi méjì láti la. Kó rí i pé etí rẹ̀ kò le, kó má lọ di pé òun fúnra rẹ̀ ń ha tíúbù. Òògùn olómi tí wọ́n ń dà sínú tíúbù kó lè dí ihò wẹ́wẹ́ wà lọ́jà ní àwọn ibì kan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ihò kékeré, kì í ṣe fún yíya. Ilé tó ń ṣọ́ owó ná kò nílò rẹ̀ kí àkísà tó débẹ̀.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Gánà láti ọdún 1974, torí náà etí títì lápá ọ̀tún ni pàǹtírí ti ń dúró de ọmọ yín. Kó fi nǹkan bí ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín òun àti gọ́tà. Kó má ṣe ya lójijì nítorí ìgò, torí tro-tro àti pragia tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ìgò yẹn. Àfọ́kù ìgò kò pààyàn, ọkọ̀ ló ń pa á. Kó kúkú gùn ún kọjá, kó dúró níwájú níbi tó láàyè, kó sì nu táyà lójú ẹsẹ̀. Kó má wọ adágún omi tí kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí táyà iwájú bá sì ti ń rọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, ì báà ku ìwọ̀nba díẹ̀ kó délé, torí táyà iwájú ló ń darí kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ tútù sì ni.

Ní November 2014, ìjọba Gánà ya Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó. Bí wọ́n bá kó gọ́tà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má ṣe wọ́ ohun tí wọ́n kó jáde jọ sétí títì, torí òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á dá a padà sábẹ́ táyà.

Òjò ńlá Kumasi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti April títí dé July, tí kékeré á tún dé ní September àti October. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kan ìṣó kan mọ́ ògiri níbi tí ọmọ ń gbé kẹ̀kẹ́ tì lálẹ́. Ẹ fi àkísà kọ́ ọ, kí ẹ sì gún abẹ́rẹ́ ńlá kan mọ́ àkísà náà lára.