Ológbò tó ń bẹ̀rù ènìyàn



Ta ni eku kò jẹ àgbàdo rẹ̀ rí nínú wa? Ní ilé mi, eku wọ inú àká. Ó jẹ àgbàdo, ó sì jẹ ẹ̀pà tí a fi pamọ́ láti gbìn. Ìyàwó mi fẹ́ ra májèlé. Mo ní rárá, nítorí ọmọ wa kékeré máa ń fi gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu. Mo lọ tọrọ ológbò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Inú oko ni wọ́n bí ológbò náà sí. Ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Bí mo ti tú àpò tí mo fi gbé e wá, ó fò jáde, ó sá sẹ́yìn àmù. Mo nawọ́ láti fà á jáde. Ó ha mí lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo fi okùn so ó mọ́ òpó. Ó ń ké, kò jẹ, kò mu.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa rí i. Ó ní: «Tíṣà, ṣé olè lo mú ni? Tú u sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á.»

Ohun tí a wá ṣe nìyí:

1. A fi í sí yàrá kan, a ti ilẹ̀kùn. A gbé páálí sí igun yàrá kí ó lè rí ibi sá sí. A fi yanrìn sínú abọ́ àlòkù fún ìgbẹ́ rẹ̀.

2. Láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń gbé ẹja díẹ̀ àti omi fún un. Mo ń jókòó sílẹ̀ lókèèrè. N kì í wò ó lójú, n kì í nawọ́ sí i.

3. A kọ̀ fún àwọn ọmọ láti máa lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń jẹun níṣojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ wá fi orí ra ẹsẹ̀ mi. Ìgbà náà ni a ṣí ilẹ̀kùn. Lónìí, abẹ́ àká ló ń sùn. Eku kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù.

Ẹ rántí:

– Kí ọmọ ológbò pé ọ̀sẹ̀ 8 kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èyí tí ènìyàn ti ń gbé mọ́ra láti ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 máa ń tètè mọ ilé.

– Ẹ máa bọ́ ọ. Ológbò tó yó náà ń pa eku.

– Ẹ má lo májèlé. Ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú.

– Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí ó bá ha yín tàbí bù yín jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

– Kí aboyún má fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò. Ó lè kó àrùn tó ń ṣe ọmọ inú léṣe.

– Ẹ máa bo oúnjẹ síbẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ń kó ibà Lásà ràn wá. Ibà yìí pa ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa ní ọdún 2014 àti 2016.

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́: Báwo ni ẹ ṣe ń lé eku ní ilé yín? Kí ni okùn ṣe fún ológbò yìí? Kí ni sùúrù ṣe?