Ilẹ̀ Tó Ń Wọn Ara Rẹ̀

Lórí tábìlì tó tẹ́jú, rúlà tàbí téèpù ni àwọn tó ń ṣe eré ogun fi ń mọ ibi tí ère ọmọ ogun wọn lè dé. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ariwo ta nìyẹn. Ilẹ̀ onígun mẹ́fà, tí wọ́n ń tò bí íńtálọ́ọ̀kì, ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rúlà: kíkà lásán ló kù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun mẹ́fà? Ẹ wo ojú onígun mẹ́rin ná. Bí ojú kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹni tó lọ tààrà rin 10, ẹni tó gba orígun kọjá rin ju 14 lọ, síbẹ̀ ojú kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Onígun mẹ́fà kò fàyè gba ẹ̀rú yẹn: mẹ́fà ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, ọgbọọgba sì ni láti àárín rẹ̀ dé àárín èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Avalon Hill ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé eré Gettysburg jáde ní 1958, onígun mẹ́rin ló wà lórí máàpù rẹ̀. Ní 1961, wọ́n sọ ọ́ di onígun mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n máàpù bébà kò ní òkè. Eré HeroScape, tí ilé-iṣẹ́ Milton Bradley gbé jáde ní 2004, fi ike ṣe ilẹ̀ náà: abala olójú kan, méjì, mẹ́ta, méje àti 24, tí etí wọn ń há mọ́ra, tó sì ṣeé tò léra. Ẹ mú abala olójú méje: ọ̀kan láàárín, mẹ́fà yí i ká. Ọ̀nà mẹ́fà ló ṣeé yí sí, ààyè kan náà ni yóò sì máa wọ̀.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ká ní ọmọ ogun kan lè rin ìrìn márùn-ún, tí òkè onípele méjì sì wà níwájú rẹ̀. Gígun ìpele méjèèjì á gba méjì, ojú tó gùn lé á gba ẹyọ kan. Méjì ló kù sí i lọ́wọ́. Bó bá kó sínú omi, ìrìn rẹ̀ parí síbẹ̀ fún ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bó bá wà lókè tí ọ̀tá wà nísàlẹ̀, á fi dáìsì kan kún èyí tó ń jù, ì báà jẹ́ òun ló ń kọlù, ì báà jẹ́ òun ni wọ́n ń kọlù.

Ìlà tààrà mẹ́ta péré ló gba àárín ojú kọ̀ọ̀kan kọjá láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Odi tó bá dábùú wọn á rí kọ́lọkọ̀lọ. Nítorí náà, ó dára kí ẹni tó ń tò ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà àti odò lélẹ̀ ní ìlà wọ̀nyẹn kó tó kó òkè lé e. Ti rírí tún yàtọ̀: HeroScape kì í ka ojú ilẹ̀ láti mọ ẹni tó rí ọ̀tá. Ńṣe lèèyàn máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wò láti ẹ̀yìn ère rẹ̀, bóyá òkè tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ti dí i lójú.