Géètì Tí Ó Mọ Títì, Ǹjẹ́ Ó Mọ Ṣíṣí?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe ti ìgbéyàwó tàbí ti ìkómọ, èyí tí ẹ ó kà ní ojú-ewé ìròyìn ìdílé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni: ilẹ̀kùn ńlá tí ọkọ̀ ń gbà wọ agboolé, tí à ń pè ní géètì, àti ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní gáréèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe gáréèjì tí a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń wí.

Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní ọdún 1911, tí ìjọba òyìnbó sì la Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn àlejò ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni mélòó ni ó ní ọkọ̀? Ilẹ̀kùn pákó kan àti agádágodo kan ti tó fún ilé. Ìjà oṣù May 1953 kọ́ àwọn àgbà wa pé kí ilẹ̀kùn nípọn díẹ̀ sí i. Bọ́ǹbù tí ó bú ní ibùdókọ̀ New Road ní 18 March 2013, àti èyí tí ó bú ní Gold Coast Road ní 18 May 2014, kọ́ àwa náà. Èmi kò ní bá onílé kankan wíjọ́ nítorí pé ó fi irin tí ó le ṣe géètì, tí ó sì gbé e ga. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi wẹ́dà. Wẹ́dà á ní, "Bàbá, ẹ fi ọkàn balẹ̀, kò sí olè tí yóò gba ibí yìí wọlé." Ó yẹ kí bàbá dá a lóhùn pé, "Ó dára, ọmọ mi. Ní ọjọ́ tí iná bá ń jó nínú ilé, tí iná ìjọba sì ti lọ, báwo ni ìyá yín yóò ṣe gba ibẹ̀ jáde?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù October 1917 kọ́ o, ọ̀rọ̀ àná ni, October 2017: iná igbó jó dé àárín ìlú, iná mànàmáná sì lọ. Àwọn kan wà nínú gáréèjì wọn pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sá, àgbàlagbà sì wà nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì oníná ni ó máa ń gbé ilẹ̀kùn wọn sókè. Wọn kò lè dá a gbé. Àwọn kan kú síbẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 July 2019, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ẹ́ńjìnnì ilẹ̀kùn gáréèjì ilé gbígbé tí kò ní bátìrì tí yóò ṣí i bí iná bá lọ. Bí ibi tí iná kì í sábà lọ bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, kí ni kí àwa ṣe, tí a mọ KEDCO, tí a sì ti mọ NEPA ṣáájú rẹ̀? Àwa tí a sì rí bí ọjà Sabon Gari ti jó ní March 2016 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé iná fún wa.

Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó dára ni ó ní ọ̀nà tí a fi ń yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ti ilẹ̀kùn gáréèjì tí ń gòkè, okùn kan ni, tí ó sábà máa ń pupa, tí ó rọ̀ sílẹ̀ láti ara irin gígùn tí ó wà lókè. Bí o bá fà á, ilẹ̀kùn di ti ọwọ́. Àfi kí ilẹ̀kùn wà ní títì kí o tó fà á, nítorí bí ó bá wà lókè, tí sípíríǹgì rẹ̀ sì ti já, ó lè já lu ènìyàn mọ́lẹ̀. Ti géètì onítáyà, èyí tí ń yí gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ni a fi ń ṣí ihò kan lára ẹ́ńjìnnì, a ó sì yí ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ náà wà? Ẹ lọ béèrè ní ilé tiyín. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí onílé, onílé sì ti lọ sí ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ ẹni tí ń gbé ẹrù gan-an. Ilẹ̀kùn gáréèjì tí ń gòkè kò pẹ́ láyé bí a ti rò. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ C. G. Johnson ni ó ṣe é ní 1921, ó sì ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń gbé e ní 1926. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni sípíríǹgì. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ìwúwo ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí ara ilẹ̀kùn bá le, ẹ yọ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn dé ìbàdí, kí ẹ rọra tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ yín má wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dúró níbẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń bọ̀ wá sílẹ̀, sípíríǹgì ti rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Sípíríǹgì tí a sábà máa ń rí ni èyí tí a ṣe fún ìgbà 10,000 ti ṣíṣí àti títì. Ẹni tí ó bá ń ṣí i tí ó sì ń tì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ yóò lò ó tó ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ tàbí méje. Bí ó bá já, kí ọmọkùnrin ilé má ṣe mú sípánà lọ bá a. Sípíríǹgì tí a wé le dà bí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀; ó ti fọ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ti pa ẹlòmíràn. Oníṣẹ́ tí ó ní irin iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a pè, kódà bí a ó bá dúró títí yóò fi ti ìlú mìíràn dé.

Ní Kánò níbí, géètì onítáyà ni a ní jù, eruku sì ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti November títí di February, ọyẹ́ ń kó eruku wá láti aṣálẹ̀. Bí géètì bá ti ń han gooro, ohun tí onílé púpọ̀ máa ń ṣe ni kí ó rán ọmọ lọ ra gírísì, kí ó sì dà á sí ojú irin láti òpin dé òpin. Gírísì á gbá eruku mú, yanrìn á pò mọ́ ọn, ó di ohun tí ń lọ irin bí sáńpépà. Ohun tí ojú irin ń fẹ́ ni ìgbálẹ̀, kì í ṣe gírísì. Kí ẹni tí ń gbá àgbàlá ní òwúrọ̀ gbá a pẹ̀lú. Inú bíárìn táyà àti híńjì ni gírísì wà fún, ìwọ̀nba díẹ̀, kí a sì nu èyí tí ó bá yọ síta. Agádágodo pàápàá kò fẹ́ epo nígbà ọyẹ́. Ẹ ha lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù sínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ti máa yọ̀.

Bí géètì oníná bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ má tíì pe rewáyà. Ẹ pa iná rẹ̀, ẹ yọ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ọwọ́ tì í. Bí ó bá wúwo, ara géètì ni àìsàn wà: táyà ti jẹ, ojú irin ti tẹ̀, tàbí òpó ti fì. Wẹ́dà ni yóò tún un ṣe, owó tí ẹ bá sì ná lórí ẹ́ńjìnnì, inú omi ni ó bọ́ sí. Bí ó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ti iná. Ẹ́ńjìnnì tí ń kùn ṣùgbọ́n tí kò lọ, ó lè jẹ́ pé iná tí ń wọ̀ ọ́ kò lágbára, bí ó ti máa ń rí ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan wọn, tàbí kí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ti kú. Kàpásítọ̀ kò wọ́n; kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà yín ní odidi ẹ́ńjìnnì nítorí rẹ̀. Bí bọ́tìnnì ara ògiri bá ṣiṣẹ́ tí rìmóòtù kò ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Èyí tí ó sì ń pa àwọn ènìyàn wa lẹ́rìn-ín jù ni géètì tí ń ṣí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò gbà láti tì. Àwọn kan ti ní ayé ni ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ayé; ojú rẹ̀ ni ó dọ̀tí. Ojú kékeré méjì wà ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń wo ara wọn. Bí eruku ọyẹ́ bá bò wọ́n, tàbí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń ràn sínú ọ̀kan, géètì á rò pé ènìyàn dúró láàárín. Ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ nù wọ́n, ó parí.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń já àwọn ojú wọ̀nyí, tí wọ́n so wáyà wọn pọ̀ kí géètì lè máa tì láìbéèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ní ọdún 2010, ní Britain, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, géètì oníná pa ọmọdébìnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 6 ní Manchester, èkejì ọmọ ọdún 5 ní Bridgend. Ní Amẹ́ríkà, ọmọdé tí ilẹ̀kùn gáréèjì pa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin fi dé pé láti 1 January 1993, ẹ́ńjìnnì tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò mọ̀ pé ènìyàn wà lọ́nà, bí irú ojú wọ̀nyí, tí a kì í gbé ga ju ínṣì 6 lọ sí ilẹ̀, nítorí ọmọ tí ń rá. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ dùbúlẹ̀ pákó 2 × 4 sábẹ́ ilẹ̀kùn náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ lé e. Bí ó bá kan pákó tí kò padà sókè, kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́ títí a ó fi tún un ṣe.

Géètì tí kò ní iná rárá lè pa ọmọ pẹ̀lú. Géètì onítáyà tí kò ní irin ìdádúró ní òpin ojú irin rẹ̀ lè yí kọjá ibi tí ó yẹ, kí ó sì wó. Ẹ sì mọ ilé wa: ní ọjọ́ ìkómọ, gbogbo ọmọ àdúgbò á pé sí ẹnu géètì, wọn á máa gùn ún bí ẹṣin. Irin ìdádúró méjì àti rólà tí ó di orí géètì mú kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún wẹ́dà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun kù. Wọ́n ń fẹ́ràn láti fi ẹ́ńjìnnì gáréèjì ránṣẹ́ sí ilé tí bàbá kọ́ sí ìlú wa, Ọlọ́run yóò bùkún wọn. Ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí a bá kì í bọ iná wa tààrà, èéfín ni yóò kí wa káàbọ̀. Tíráńsífọ́mà lè mú 230 wálẹ̀ sí 120, ṣùgbọ́n iná wọn tún ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá, tiwa ní ìgbà 50, tíráńsífọ́mà kò sì lè yí ìyẹn padà. Ẹ́ńjìnnì mìíràn á máa gbóná lórí rẹ̀. Ti Britain bá iná wa mu. Kí ọmọ tí ó wà ní Houston fi owó ránṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà nílé ra èyí tí a ṣe fún 230, tí ó ní bátìrì tirẹ̀. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kí ó má ṣe ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì láé, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa agbo ilé lójú oorun.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ni kí a yàn fún ilé ayálégbé ní Niger Street, èmi kò ní yan ẹ́ńjìnnì rárá. Ènìyàn púpọ̀ ń wọlé, púpọ̀ ń jáde, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ ẹni. Bí àyè bá wà nínú àgbàlá, géètì alápá méjì tí ń ṣí sí inú ni ó dára jù, kí ó má máa gbá àwọn tí ń kiri ọjà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí kò bá sí àyè, kí ó jẹ́ onítáyà. Èyí ó wù kí ó jẹ́, kí wẹ́dà gé ilẹ̀kùn kékeré kan sí i lára, tí a lè ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ni èmi yóò bá a dúnàá dúrà lé lórí ṣáájú òdòdó irin àti kìnnìún tí wọ́n ń fi ṣe ẹwà. Kí a má sì ṣe fi agádágodo tì í láti ìta ní alẹ́, kí máígádì wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi tí ó ti ń mu tíì.

Ẹni tí ó bá ti ní ẹ́ńjìnnì ná, kí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yọ ọwọ́ rẹ̀ pé méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ onílé, èkejì lórí ìṣó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo àgbà ilé mọ̀. Ní Sátidé kan tí gbogbo ènìyàn wà nílé, kí a pa iná, kí a sì jẹ́ kí ìyàwó ilé, ayálégbé àti máígádì fi ọwọ́ ara wọn ṣí géètì lọ́kọ̀ọ̀kan.