Ìdí-Igi Lójú Kọ̀ǹpútà: Títo Ìlà Ìran Ìdílé Ńlá

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà to ìlà ìran ìdílé ńlá sójú kọ̀ǹpútà, tí yóò fi ṣeé kà, tí kò sì ní ba àṣà jẹ́. Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni irú iṣẹ́ báyìí sábà máa ń já lé lọ́wọ́. Bí ẹbí bá ń wá ẹni tí yóò kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ, àwa ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Ní ìpàdé ẹbí kan tí wọ́n pè wá sí ní agbègbè etí òkun Àgbádárìgì, wọ́n lẹ bébà gígùn kan mọ́ ara ògiri. Kọ̀ǹpútà ni ó tò ó. Orúkọ baba wà lókè. Orúkọ ọmọ 24 tò tẹ̀ lé ara wọn nísàlẹ̀, láti orí àgbà dé orí àbúrò pátápátá. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì béèrè ibi tí ìyá òun wà. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìbéèrè ìyá àgbà yìí ni a fẹ́ dáhùn.

2. Igi kan tàbí igi púpọ̀?

Àwọn Òyìnbó a máa fi igi ṣàpèjúwe ìran. Ìdí kan ṣoṣo ni igi tiwọn ní: ọkọ kan àti aya kan. Yorùbá náà ní igi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀. Ní ilé olórogún, ìyá kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ ni ó jẹ́ ìdí igi. Bí ìyàwó 4 bá bímọ fún ọkùnrin kan, igi 4 ni ó wà nínú agboolé náà, kì í ṣe igi kan tí ó ní ẹ̀ka 4. Èdè wa jẹ́rìí sí i. Ẹni tí a bá bá pín ìyá ni ọmọ ìyá. Ẹni tí a bá bá pín baba nìkan ni ọbàkan. Bébà tí kò bá fi ìyàtọ̀ ọmọ ìyá àti ọbàkan hàn kò tíì sọ ìtàn ilé náà tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti orúkọ nìkan, nítorí pé ogún wà nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí àwọn amòfin mọ̀ dáadáa, olóògbé kò ṣe ìwé ìpíngún, ó sì fi ọmọ 9 tí ìyàwó 4 bí fún un sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn ọmọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èkíní ni ìdí-igi, tí a ó pín ogún sí ọ̀nà 4 gẹ́gẹ́ bí iye ìyá. Èkejì ni orí-ò-jorí, tí a ó pín in sí ọ̀nà 9 gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ní 1958, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà parí aáwọ̀ bí ó bá rí i pé ó yẹ. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ìdájọ́ náà ní 1962.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ìyá kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ bá bí ọmọ kan ṣoṣo, tí òmíràn bí 4, ìdámẹ́rin ogún ni ti ọmọ kan ṣoṣo náà lábẹ́ ìdí-igi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 4 yòókù yóò gba ìdá mẹ́rìndínlógún. Lábẹ́ orí-ò-jorí, ìdá mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn yóò gbà. Nítorí náà, bébà tí ó to gbogbo ọmọ sórí ìlà kan láìfi ìyá hàn ti fi orí-ò-jorí han ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Olùtò kò mọ̀ pé òun ti dá ẹjọ́.

3. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ẹnìkan lè rò pé kọ̀ǹpútà kò mọ ilé olórogún. Kò rí bẹ́ẹ̀. GEDCOM ni ìlànà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún ìlà ìran fi ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn; ìjọ àwọn Mormon ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní 1984. Nínú ìlànà yìí, àyè ọkọ kan àti ti aya kan péré ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí ó ní ìyàwó 4 yóò ní àkọsílẹ̀ 4, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ ìyá wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, ìdí-igi gan-an nìyẹn. Àkọsílẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ fi í hàn lójú bébà ni àṣìṣe ń wọlé.

Àìtó àyè ni ó ń fa á. Ká ní àpótí orúkọ kan àti àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba sẹ̀ǹtímítà 3.5. Ọmọ 24 yóò gba sẹ̀ǹtímítà 84, èyí tí í ṣe bébà A4 mẹ́ta tí a dá ní ìbú. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá bí 5, ọmọ-ọmọ 120 yóò gba mítà 4.2, ó di bébà 15. Ní Àgbádárìgì, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Sẹ́ríkí Williams Abass, tí ó kú ní 1919, ni pé ó ní ìyàwó 128 àti ọmọ 144. Àwọn ọmọ nìkan yóò gba mítà 5 lórí ìlà kan! Nígbà tí olùtò bá rí i pé àyè kò tó, orúkọ àwọn ìyàwó ni ó kọ́kọ́ máa ń pa mọ́, kí bébà lè kúrú. Gbogbo ọmọ a sì rọ́ jọ sábẹ́ baba.

4. Àtúnṣe

Ìmọ̀ràn márùn-ún ni a ní fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí.

(i) Kí a to orúkọ sísàlẹ̀, kí a má tò ó síbùú. Kí a kọ baba, kí a wọlé díẹ̀ kọ ìyá, kí a tún wọlé díẹ̀ kọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí bébà kan bá gba ìlà 40, baba kan, ìyá 4 àti ọmọ 24 jẹ́ ìlà 29 péré. Bébà kan gbà wọ́n. Bí a bá fi ọmọ-ọmọ 120 kún un, bébà 4 ni. Ilé Sẹ́ríkí, pẹ̀lú gbogbo ìyá inú rẹ̀, kò ní ju bébà 7 lọ.

(ii) Kí a to àwọn ìyá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ, kí ìyáálé ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò ní ọjọ́ ìbí nínú ìwé, nítorí náà kí a má fi ètò náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Gramps, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, gbà wá láyè láti fi ọwọ́ ara wa tún àwọn ìgbéyàwó àti àwọn ọmọ tò.

(iii) Kí a fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, kí a fún ọmọ ní nọ́ńbà. Jacques d'Aboville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbé ọgbọ́n nọ́ńbà irú èyí kalẹ̀ ní 1940. A kàn fi ìyá kún un ni. A.1 ni àkọ́bí ìyáálé, B.3 ni ọmọ kẹta tí ìyàwó kejì bí. Bí A.1 náà bá fẹ́ ìyàwó púpọ̀, A.1.D.2 ni ọmọ kejì tí ìyàwó kẹta rẹ̀ bí, nítorí pé A, B, D ni álífábẹ́ẹ̀tì wa. Lẹ́tà wa jẹ́ 25. Ilé tí ìyá bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a lo Ì1, Ì2, Ì3.

(iv) Kí a kọ ipò ọmọ nínú gbogbo ilé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. B.1 lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n A.1. Láìsí àmì yìí, a kò ní mọ ẹni tí í ṣe Dáwódù.

(v) Kí a má fo ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tí kò bímọ kò ní ìdí-igi nínú ogún, ṣùgbọ́n ó gbé inú ilé náà, ó tọ́ ọmọ níbẹ̀. Kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣú opó, obìnrin kan yóò hàn lábẹ́ ẹ̀gbọ́n, yóò tún hàn lábẹ́ àbúrò. Kí a fi àmì hàn pé ẹnì kan náà ni, kí òǹkàwé má baà kà á sí méjì.

5. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé ìlànà yìí bá gbogbo ilé mu. Ní Àgbádárìgì, àwọn Ògù ń gbé pẹ̀lú Yorùbá. Ó yẹ kí olùtò béèrè àṣà ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbà rẹ̀ kí ó tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ètò orúkọ lójú bébà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹ̀rí ni, ọmọdé sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́la.

Ní ti ìyá àgbà tí a mẹ́nu bà, a tún bébà náà tò ní ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí kí ìpàdé kejì tó pé. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ D, òun fúnra rẹ̀ sì ni D.2. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí ó yí i ká.