Oníbàárà tẹ àdírẹ́sì yín, kò rí nǹkan kan: Ẹ wo bí sáfà ṣe ń wá fáìlì jáde

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ ra tòmátì ní Mile 12, tí kò débẹ̀ rí, ohun tí ẹni tó júwe ọ̀nà fún un bá sọ ló máa tẹ̀ lé. Wọ́n á ní tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú BRT, kó wọnú ọjà, kó béèrè láìnì àwọn onítòmátì, kó wá ka ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lápá ọ̀tún. Tí wọ́n bá ṣì í júwe fún un, tí wọ́n ní láìnì àwọn alálùbọ́sà ni, á rìn títí, kò ní í rí ẹni tó ń wá. Tí orí bá bá ọlọ́jà náà ṣe é, oníbàárà á pè é lórí fóònù. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó kọ́kọ́ rí ló máa náwó ẹ̀ sí.

Bọ́rọ̀ àdírẹ́sì orí ayélujára ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin oníṣòwò Kétu, Ìkòsí, Mile 12 àti gbogbo agbègbè Kòṣòfẹ́ tẹ́ ẹ ti kọ àdírẹ́sì ìkànnì yín sára risíìtì, káàdì, kàlẹ́ńdà àti pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, owó lẹ fi ṣe gbogbo ẹ̀. Àmọ́ tí oníbàárà bá tẹ àdírẹ́sì ọ̀hún, tí fóònù ẹ̀ wá ń sọ fún un pé kò sóhun tó jọ ọ́, owó yẹn ti wọgbó. Ìdí tírú ẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe lè dènà ẹ̀, la fẹ́ẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Kí ló ń jẹ́ sáfà?

Sáfà kì í ṣe nǹkan abàmì. Kọ̀ǹpútà ni, bíi ti ọ́fíìsì yín, àmọ́ òun kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n máa ń tàn án sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa dúró de ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Orí ẹ̀ ni wọ́n kó àwọn fáìlì ìkànnì yín sí, àtọ̀rọ̀ àti fọ́tò. Láàárín ọdún 1989 sí 1991 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìwádìí CERN, nílẹ̀ Switzerland, gbé ètò yìí kalẹ̀. Lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jù tó ń ṣiṣẹ́ inú sáfà lónìí ni Apache, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995, àti nginx, tó jáde lọ́dún 2004. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló ń bá yín ṣọ́ ìkànnì yín.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ọjà èso Kétu lẹ ti ń tajà, tí àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ kọ iye ọsàn sí sì jẹ́ www.example.com/eso/osan.html. Láti ọdún 1999 làwọn tó ń bójú tó ètò íńtánẹ́ẹ̀tì ti ya orúkọ example.com yìí sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nìkan, ẹnikẹ́ni ò lè rà á, ìdí tá a ṣe lò ó níbí nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni àdírẹ́sì yìí pín sí. Apá àkọ́kọ́, www.example.com, ló ń sọ ọjà téèyàn ń lọ. Apá kejì, /eso/osan.html, ló ń sọ láìnì àti ṣọ́ọ̀bù tó ń wá nínú ọjà náà. Wàhálà tó máa ń wà nínú apá kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Orúkọ ọjà: owó ọdọọdún ni

Kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ www.example.com, fóònù yín á kọ́kọ́ lọ béèrè nọ́ńbà sáfà tó ni orúkọ náà, bí ìgbà téèyàn wá orúkọ oníbàárà nínú fóònù kó tó pè é. Ìgbà tó bá rí nọ́ńbà ló tó lè lọ kan ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ló ń bójú tó àwọn orúkọ tó bá fi .ng parí nílẹ̀ wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wọn kì í ra orúkọ ìkànnì pátápátá, ńṣe ni wọ́n ń háyà ẹ̀, bíi ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti san owó ọdún míì, fáìlì yín lè wà nínú sáfà láìmì, àmọ́ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ti dí. Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé orúkọ yín tàbí ti ilé-iṣẹ́ yín ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ímeèlì yín ni ìwé ìránnilétí ń lọ, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó bá yín ṣe ìkànnì náà. Tónítọ̀hún bá kó kúrò ládùúgbò ńkọ́?

Sáfà kan ṣoṣo tún lè gba ìkànnì bí ọgọ́rùn-ún, bíi ilé alájà tó kún fún ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí kì í jẹ́ kó da ọjà onítòmátì pọ̀ mọ́ ti aláṣọ ni pé, tí fóònù bá dé ẹnu ọ̀nà, ó máa ń dárúkọ ẹni tó wá kí.

Inú ọjà: ibi tí fáìlì wà

Ní báyìí, fóònù ti dé ọ̀dọ̀ sáfà. Ohun tó máa sọ fún un ò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ gbé /eso/osan.html fún mi. Àmọ́ sáfà kì í wá gbogbo inú kọ̀ǹpútà kiri. Fódà kan wà tí wọ́n ti yàn fún un pé ibẹ̀ ni kó ti máa mú nǹkan fún aráàlú. Lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gbàlejò ìkànnì, public_html ni wọ́n ń pe fódà yẹn. Lórí àwọn sáfà míì, /var/www/html ni.

Ńṣe ni sáfà máa so ohun tí oníbàárà béèrè mọ́ fódà yìí. Á wọ public_html, á wá fódà tó ń jẹ́ eso nínú ẹ̀, á sì wá fáìlì tó ń jẹ́ osan.html nínú eso. Tó bá rí i, á gbé e jáde, á sì kọ nọ́ńbà 200 sí i, tó túmọ̀ sí pé kò sí wàhálà. Tí kò bá rí i, 404 ló máa kọ. Tó bá rí i àmọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé kó má gbé e fún ẹnikẹ́ni, 403 ló máa kọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí 404 lórí fóònù, ẹ má wulẹ̀ bínú sí nẹ́tíwọ́kì. Ẹ ti dé ọjà, sáfà ti dá yín lóhùn, ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ dárúkọ ni ò rí.

Téèyàn ò bá wá dárúkọ fáìlì kankan, tó kàn tẹ www.example.com ńkọ́? Sáfà máa ń ní orúkọ kan tó ti há sórí fún irú ìyẹn, index.html ló sì sábà máa ń jẹ́. Òun ni ojú ilé yín. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ní nǹkan míì, bíi home.html, láìsọ fún sáfà, ẹni tó bá tẹ orúkọ yín lásán lè má rí nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ọjà yín wà nínú ilé.

Ohun tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà

Èèyàn tẹ́ ẹ bá ní kó lọ sí Ìkòsí, tẹ́ ẹ ṣì í pè, á ṣì gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn. Sáfà kì í ṣèèyàn. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, tó jẹ́ pé Linux ni wọ́n ń lò, Osan.html tó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ àti osan.html tó fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Windows tó wà nínú laptop kì í ka ìyẹn sí. Ohun tó ń fà á nìyẹn tí ìkànnì á fi máa ṣiṣẹ́ dáadáa lórí laptop ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó ṣe gbé e sórí sáfà báyìí, fọ́tò ò jáde mọ́.

Ẹ má fi àyè sílẹ̀ láàárín orúkọ fáìlì náà. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní iye osan.html, bó ṣe máa hàn nínú àdírẹ́sì ni iye%20osan.html. Ta ló fẹ́ẹ́ tẹ ìyẹn látinú káàdì? Ẹ fi iye-osan.html ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa fàmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú ojú ìwé ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe sínú orúkọ fáìlì. Lẹ́tà ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ máa ń di %E1%BB%8D nínú àdírẹ́sì. Èyí tó tún burú ni pé ọ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ àti lókè, ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ̀. Lójú yín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú sáfà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, 404 ló sì lè gbé jáde.

Gbogbo àdírẹ́sì kọ́ ló ní fáìlì tiẹ̀ o. Tó bá jẹ́ pé WordPress, tó jáde lọ́dún 2003, tàbí irú ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìkànnì yín, www.example.com/osan lè máà ní fáìlì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bíi búkà. Ìrẹsì ti wà nínú kúlà, wọ́n á kàn bù ú fún yín ni, ìyẹn ni fáìlì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀bà lẹ fẹ́ẹ́ jẹ, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni sáfà ṣe máa ń gbé àdírẹ́sì fún WordPress pé kó lọ ṣètò ojú ìwé náà wá. Lórí Apache, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .htaccess ni wọ́n ń kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sí. Tẹ́nì kan bá pa á rẹ́ níbi tó ti ń palẹ̀ mọ́, ojú ilé nìkan ló lè ṣẹ́ kù, gbogbo ojú ìwé tó kù á di 404.

Tẹ́ ẹ bá kó ṣọ́ọ̀bù, ẹ lẹ ìwé mọ́lẹ̀kùn

Lọ́dún 1998, Berners-Lee kọ àpilẹ̀kọ kan pé kò yẹ káwọn èèyàn máa yí àdírẹ́sì padà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ ti tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, tí oníbàárà ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí WhatsApp, tí Google ti mọ̀, kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ ò lè lọ gba gbogbo kàlẹ́ńdà padà. Tẹ́ ẹ bá wá tún ìkànnì ṣe, tí fáìlì tó wà ní /ope.html di /eso/ope.html, gbogbo ẹni tó bá lo ti àtijọ́ ló máa pàdánù yín.

Àmọ́ ó ní àtúnṣe. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá kó lọ síbòmíì máa ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ pé ibi báyìí lòún wà. Irú ẹ̀ wà fún sáfà, 301 ni nọ́ńbà tiẹ̀. Lórí Apache, ìlà kan péré ni ẹni tó ń ṣe ìkànnì yín máa kọ sínú .htaccess:

Redirect 301 /ope.html /eso/ope.html

Látìgbà náà lọ, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn àtijọ́, sáfà fúnra ẹ̀ ló máa mú un lọ síbi tuntun. Google náà á mọ̀ pé ẹ ti kó lọ.

Ẹ má gbé ìwé gbèsè síta

Gbogbo ohun tó bá wà nínú public_html, ẹ kà á sí ohun tẹ́ ẹ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mọ orúkọ fáìlì, tí kò bá sí òfin tó dí i lọ́wọ́, sáfà máa gbé e fún un. Tí fódà kan ò bá sì ní index.html, àwọn sáfà kan máa ń to orúkọ gbogbo fáìlì inú ẹ̀ síta fún ẹni tó bá wá. Ẹni tó kó ìwé gbèsè tàbí nọ́ńbà fóònù oníbàárà síbẹ̀ ti tú àṣírí ara ẹ̀. Ó sì lè di ọ̀rọ̀ òfin, torí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa aráàlú ti wà látoṣù kẹfà, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lù ú. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe ìkànnì yín fi Options -Indexes sínú .htaccess, kí sáfà má to nǹkan síta mọ́, kẹ́ ẹ sì kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún bi í léèrè bóyá wọ́n ń tún ètò sáfà náà ṣe lásìkò. Lóṣù kẹwàá, ọdún 2021, ó hàn pé Apache tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 2.4.49 ní àléébù kan: ẹni tó bá mọ bó ṣe ń kọ àdírẹ́sì lè mú kí sáfà jáde kúrò nínú fódà tí wọ́n yàn fún un, kó sì gbé fáìlì ibòmíì wá. Àtúnṣe àkọ́kọ́, 2.4.50, ò tó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n tún gbé 2.4.51 jáde.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lónìí

Ẹ mú káàdì, risíìtì àti kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ gba fóònù ẹlòmíì, kẹ́ ẹ wá tẹ àdírẹ́sì tó wà lára ẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ tẹ orúkọ nìkan, ẹ wò ó bóyá ojú ilé jáde. Ẹ tẹ àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rántí. Èyí tó bá mú 404 wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi 301 tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí owó orúkọ yín máa parí.

Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni, àmọ́ sáfà ò mọ̀ ju ọ̀nà tẹ́ ẹ bá là sílẹ̀ fún un lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà fún oníbàárà, ẹ má jẹ́ kó dí.