Éésì Nínú Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́: Ẹ́ńjìnnì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí píkọ́ọ̀pù àtijọ́, irú Peugeot 504 tí ó ṣì ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ wá sọ́jà. Bí ooru àti eruku ọ̀nà oko bá ń jẹ awakọ̀ yín níyà, ẹ lè fi ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí a ń pè ní éésì, sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ìdí nìyí. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi bẹ́líìtì yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ éésì, nítorí náà yóò gbà nínú agbára tí ọkọ̀ fi ń fa ẹrù. Kọ̀ǹdẹ́ńsà tí ń lé ooru jáde, iwájú rédíétọ̀ ni ó ń wà. Atẹ́gùn tí ó bá gba ara rẹ̀ kọjá ti gbóná kí ó tó kan rédíétọ̀. Bí rédíétọ̀ bá ti dí tẹ́lẹ̀, omi rẹ̀ yóò hó nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá ti ibẹ̀ tẹ̀, ìnáwó ńlá dé nìyẹn.

Èkínní, kí mẹkáníìkì fọ rédíétọ̀, kí ó sì fi fáànù oníná kan kún ti àtijọ́.

Èkejì, kí rẹwáyà yẹ ohun tí ń fi iná sí bátìrì wò, bóyá agbára rẹ̀ tó. Kí ó fún éésì ní fúúsì tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá tilẹ̀ ra éésì tòkunbọ̀, kí dráyà àti àwọn òrùka rọ́bà rẹ̀ jẹ́ tuntun. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde kí wọ́n tó fi gáàsì sí i.

Ó wá ku gáàsì. R-12 ni éésì àtijọ́ ń lò, ṣùgbọ́n ó ń ba ààbò tí ó wà lójú sánmà jẹ́, èyí tí ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Nítorí èyí ni àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fi dè é, ọdún 2010 sì ni àsìkò tí a dá fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa láti pa á tì. R-134a ni kí ẹ lò. Ẹ má pò ó mọ́ R-12. Kò bá òróró àtijọ́ rẹ́. Bí òróró kò bá dé inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, irin rẹ̀ yóò máa họ ara wọn títí yóò fi nọ́ọ̀kì. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ òróró náà.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sí i, bí ó ti wù kí ó pọ́nkú tó. Yóò tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jò sínú ọkọ̀, ẹ̀tanná kékeré kan tó láti jó awakọ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Ẹ rántí pé òtútù yìí kò dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò ní gba tòmátì yín lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Bí owó ẹgbẹ́ kò bá ju ohun kan lọ, rédíétọ̀ ni kí ẹ fi ṣe. Ọkọ̀ tí kò ní éésì yóò dé ọjà. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá hó kò ní dé ibẹ̀.